Ka eyín kó o tó ka owó: bí a ṣe ń yan làámù tuntun fún ẹ̀rọ ayùn kékeré tó ń gé irin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin sùdọ́ọ̀ tẹ́ ẹ ń jó irin pọ̀, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ sílé kẹ́ ẹ lè máa gé irin fúnra yín. Ọ̀rọ̀ làámù ni mo bá wá lónìí, làámù ẹ̀rọ ayùn kékeré yẹn, èyí tó rí bíi bẹ́líìtì tó ń yí lórí wíìlì méjì, táwọn tó ń tajà fún wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń pe ẹ̀rọ ẹ̀ ní scie à ruban. Àwọn ará Nàìjíríà á ní bíléèdì, àwa ń pè é ní làámù. Orúkọ yòówù kẹ́ ẹ pè é, ohun kan náà ló ń tètè pa á: kéèyàn lọ ra èyí tí kò bá irin tó fẹ́ gé mu.

Èmi náà ti ṣe é rí. Wọ́n gbé iṣẹ́ géètì kan fún mi níbí ní Kétu, tíúbù onígun mẹ́rin ni, ó fẹ́lẹ́, ara ẹ̀ ò ju 1.5 mm lọ, làámù mi sì ti kú, ni mo bá rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ sí Àjàṣẹ́, mo ní kó ra làámù tó le wá. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn o, mi ò fún un ní nọ́ńbà kankan. Ẹni tó tà á náà wá èyí tó le fún un lóòótọ́, eyín ńláńlá, mẹ́fà péré nínú íǹṣì kan. Mo di tíúbù mú, mo tan ẹ̀rọ, gbogbo ohun tí mo gbọ́ ni ta-ta-ta-ta, bí ìgbà téèyàn ń yin àgbàdo lára ṣùkù, kí n tó sáré pa á, eyín bí ogún ti já dànù. Mo ṣà wọ́n nílẹ̀, wọ́n wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi bí ìrẹsì tútù. Làámù yẹn ò ní àbùkù kankan, tuntun ni, ojúlówó ni, èmi ni mi ò mọ ohun tó yẹ kí n béèrè. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ka eyín kí n tó ka owó, ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́yin náà máa ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìwọ̀n kúrò ńlẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń wà lára páálí: gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn. Lórí ẹ̀rọ kékeré tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, èyí tó lè gba irin róbótó tó tó nǹkan bí 115 mm, 1640 × 13 × 0.65 lẹ máa rí, mìlímítà ni gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ páálí ọjà Amẹ́ríkà, wọ́n á kọ 64½ íǹṣì, ìkan náà ni. Àmọ́ ẹ má torí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ lọ rà á láìwọn tiyín o, torí àwọn kékeré míì wà tó jẹ́ 1440 ni wọ́n ń lò, tẹ́ ẹ bá sì ra èyí tó gùn jù tàbí èyí tó kúrú jù, kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ máa fi fi sórí wíìlì.

Bó bá jẹ́ pé làámù àtijọ́ já lójú kan péré, ẹ tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí, gígùn ẹ̀ nìyẹn, àfi tó bá jẹ́ pé wọ́n ti jó o pọ̀ rí, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jó o ni wọ́n máa ń gé díẹ̀ kúrò lára ẹ̀. Bí kò bá sì sí làámù rárá, bí irú ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ tó dé láìsí nǹkan kan lórí ẹ̀, ìṣirò kékeré kan wà. Ẹ kọ́kọ́ yí síkúrúù tó ń fa làámù le kó wà láàárín méjì, kó má le jù, kó má sì dẹ̀ jù. Ẹ wọn àárín wíìlì kan dé àárín ìkejì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ wá wọn wíìlì fúnra ẹ̀ láti etí kan dé etí kejì, ẹ fi 3.14 lù ú, kẹ́ ẹ pa méjèèjì pọ̀. Tèmi nìyí: àárín sí àárín jẹ́ 531 mm, ìlọ́po méjì ẹ̀ jẹ́ 1062, wíìlì jẹ́ 184, tí mo fi 3.14 lù ú ó di 578. Pa pọ̀, 1640. Ó pé geere.

Fífẹ̀ ò ní wàhálà, 13 ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yẹn fún, 13 ni kẹ́ ẹ rà.

Nínípọn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, torí wọ́n gbà pé èyí tó bá nípọn ni yóò pẹ́. Rárá o! Ẹ mú wáyà, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ṣebí ó máa kán? Ohun tí wíìlì ń fojú làámù rí nìyẹn. Bí làámù bá ń sá 30 mítà ní ìṣẹ́jú kan, tí gígùn ẹ̀ sì jẹ́ 1.64 mítà, á yí po ní nǹkan bí ìgbà 18 láàárín ìṣẹ́jú kan, lórí wíìlì méjì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 36 nìyẹn, tó bá fi máa pé wákàtí kan wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ ju ìgbà 2,000 lọ. Wíìlì kékeré ló sì ń tẹ̀ ẹ́ jù. Èyí tó fẹ́lẹ́, 0.65, á gba títẹ̀ yẹn mọ́ra. Èyí tó jẹ́ 0.9, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ oníwíìlì ńlá, ó máa sán lẹ́yìn, á sì já kí eyín ẹ̀ tó kú rárá. Owó yín ti wọgbó nìyẹn, eyín ṣì mú kangí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí eyín.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa wá lára páálí ni TPI, ìyẹn iye eyín tó wà nínú íǹṣì kan. Bó bá jẹ́ Jámánì ló ti wá, wọ́n lè kọ ọ́ ní ZpZ, nǹkan kan náà ni. Bí kò bá sí páálí mọ́, ẹ gbé rúlà ọmọ iléèwé lé e lára, láti 0 dé 25 mm, kẹ́ ẹ ka ṣóńṣó eyín tó wà níbẹ̀.

Ó kéré tán, eyín mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú irin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ẹ̀ nìyí: bí irin bá fẹ́lẹ́ ju àlàfo tó wà láàárín eyín méjì, irin yẹn á jìn sínú àlàfo, làámù sì ń sáré lọ, eyín tó ń bọ̀ lẹ́yìn á wá fi gbogbo agbára kọlù ú bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò lóru, á já. Ohun tó ṣe tèmi nìyẹn. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, bí eyín tó wà nínú irin bá pọ̀ jù, ká ní ó ti ń lọ sí mẹ́rìnlélógún tàbí jù bẹ́ẹ̀, àlàfo kékeré tó wà láàárín wọn á kún fún ẹ̀rún irin, kò ní ráyè dà á sílẹ̀, làámù á wá máa yọ̀ lórí irin, á máa gbóná, ẹ ó sì dúró tì í títí òrùn á fi wọ̀. Níbi tó ti dùn jù ni kí eyín mẹ́fà sí méjìlá wà nínú irin.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Íǹṣì kan jẹ́ 25.4 mm, ẹ fi iye eyín pín in. Eyín 14: ọ̀kan ní gbogbo 1.8 mm. Eyín 24: ọ̀kan ní bí 1 mm. Ó tán. Tẹ́ ẹ bá wá mú ọ̀pá irin róbótó tó tó 12 mm, eyín 14 á fi bí mẹ́fà sínú ẹ̀, ó dáa gan-an. Ṣáfítì 40 mm ti ẹ̀rọ ìlọgi ńkọ́? Eyín 14 á fi méjìlélógún sínú ẹ̀, ó ti pọ̀ jù, ẹ wá èyí tó jẹ́ 8 tàbí 6/10 (mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé oní-nọ́ńbà méjì yìí). Irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní 4 sí 6 mm, tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, eyín 14 tàbí 10/14 á ṣe é. Kọ́níẹ̀, irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L, tó bá jẹ́ 3 mm, ẹ mú 18. Tíúbù 1 sí 2 mm tá a fi ń ṣe géètì àti wíńdò, ká sọ òótọ́, kò sí làámù kan tó máa fi eyín mẹ́ta síbẹ̀, 24 ló sún mọ́ ọn jù lórí àtẹ, òun náà ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ wá dín ìwúwo tó ń tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kù, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àwọn tó ní nọ́ńbà méjì, irú 6/10 tàbí 10/14, eyín wọn ò jìnnà síra dọ́gba, ibì kan fún pọ̀, ibì kan jìnnà síra. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe é bàjẹ́ o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má bàa máa gbọ̀n lórí irin, torí bí gbogbo eyín bá dọ́gba, wọ́n á máa kan irin bí ìlù tó ń lọ lójú kan, gbígbọ̀n yẹn ló sì ń sán eyín. Bí owó bá wà, mo fẹ́ràn wọn ju oníye-kan lọ. Tẹ́ ẹ bá sì bi mí pé owó làámù méjì péré ló wà lọ́wọ́ yín, 10/14 kan, 24 kan, ẹ máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa ní Kétu àti Pọ́bẹ̀ pẹ̀lú méjèèjì.

Bẹ́ ẹ ṣe gbé irin sílẹ̀ náà wà nínú kíka eyín, èyí ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ò mọ̀, mo sì máa ń bínú tí mo bá rí i torí kò ná wọn lówó kankan. Irin pẹlẹbẹ 40 × 4: tẹ́ ẹ bá gbé e dúró lórí etí, 4 mm péré ni làámù ń bá pàdé, eyín 14 á fi bíi méjì síbẹ̀, eyín máa já. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, eyín bí méjìlélógún á wọ̀ ọ́, ó pọ̀ díẹ̀ àmọ́ kò ní já. Kọ́níẹ̀ ńkọ́? Ẹ dojú ẹ̀ dé bí òrùlé ilé, kí ẹ̀yìn ẹ̀ wà lókè. Apá méjèèjì á dàgẹ̀rẹ̀ sí làámù, 3 mm á dà bíi 4.2, làámù á sì máa gé méjèèjì pọ̀ láti òkè délẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e bíi lẹ́tà L, làámù á kọ́kọ́ gé apá tó dúró bí ẹní ń gé bébà, lójijì á já lu apá tó sùn, gbogbo ara rẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan. Níbẹ̀ ló ti máa ń há.

Ohun tí wọ́n fi ṣe làámù. Méjì la máa ń rí. Èyí tó pọ́ọ́kú, irin kábọ́ọ̀nù ni látòkè délẹ̀, wọ́n kàn mú kí eyín ẹ̀ le ju ẹ̀yìn lọ ni. Ó ń gé irin lásán àti alumíníọ̀mù dáadáa, àmọ́ ooru ni ọ̀tá ẹ̀, bó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 200°C, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kò sì ní le mọ́ láyé. Èkejì ni bi-métal: ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ irin tó ń tẹ̀ bíi sípíríǹgì, ẹnu ẹ̀ jẹ́ irin mìíràn tó le gan-an tí wọ́n jó mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn, ẹ lè rí ìlà tín-ín-rín nísàlẹ̀ eyín níbi tí irin méjèèjì ti pàdé. Ẹ ó rí M42 lára àwọn tó dáa, kóbáltì bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó fara da ooru títí dé bí 600°C. Ó wọ́n ju ti kábọ́ọ̀nù lọ dáadáa. Fún ẹni tó ń gé lójoojúmọ́, bi-métal ni mo máa ní kó rà, fún ẹni tó ń gé ọ̀pá méjì láàárín oṣù kan, kábọ́ọ̀nù ti tó, kó fi ìyókù owó ra ìbọ̀wọ́. Inox, irin tí kì í dógùn-ún, nìkan ni mi ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni fi kábọ́ọ̀nù gé, torí inox máa ń le sí i níbi tí làámù bá ti ń họ ọ́ láìjẹ ẹ́.

Irin kan sì wà tí kò sí làámù yìí tó máa gé e: òrùka béárìn, àti ṣáfítì míì tí wọ́n ti fi iná mú le. Kẹ́ ẹ tó gbé irin tẹ́ ẹ ò mọ̀ sórí ẹ̀rọ, ẹ mú fáìlì tẹ́ ẹ fi ń pọ́n àdá, ẹ fi ra á lẹ́ẹ̀kan. Bí fáìlì bá jẹ ẹ́, làámù máa jẹ ẹ́. Bí fáìlì bá yọ̀ lórí ẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ ọ̀dàn lẹ́yìn òjò, ẹ gbé e kúrò.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má kàn wo páálí kẹ́ ẹ sanwó. Làámù òde òní máa ń wá ní róólù gígùn, wọ́n á gé e, wọ́n á jó orí mọ́ ìdí, ojú ìjó yẹn lẹ máa yẹ̀ wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi àtàńpàkò ra ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbẹ̀: kò gbọ́dọ̀ yọ gọngọ, kò gbọ́dọ̀ jìn sínú. Ẹ wò ó látẹ̀yìn, kí ẹ̀yìn ẹ̀ lọ tààrà, kó má ṣe àtẹ̀gùn. Bó bá yọ gọngọ, gbogbo ìgbà tó bá ń gba inú béárìn tó ń tọ́ ọ sọ́nà kọjá lẹ máa gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀, kò sì ní pẹ́ já níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún yín, ẹ má tijú.

Kẹ́ ẹ tó ju èyí tó kú nù, ẹ wò ó dáadáa, torí òun ló máa sọ fún yín ohun tó pa á. Bó bá já lójú ìjó, ìjó ni kò dáa. Bó bá jẹ́ láti ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ wo béárìn tó ń ti ẹ̀yìn ẹ̀, ó lè ti dúró láìyí mọ́. Bó bá sán láti ìdí eyín, ẹ ti fà á le jù tàbí ìwúwo ti pọ̀ jù lórí ẹ̀. Bí eyín bá já léraléra lójú kan, ẹ tún ka eyín tó ń wọ irin. Bí eyín ò bá já àmọ́ tó ti kú, tó ń dán yanran ní ṣóńṣó, ó ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀ tán, ẹ kí i, ẹ rà míì. Bó bá wá jẹ́ pé gígé rẹ̀ ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ẹ má tíì sáré lọ sọ́jà, ẹ fa làámù le díẹ̀ sí i, ẹ wo béárìn tó ń tọ́ ọ sọ́nà, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹnì kan ní Ṣakẹ́tẹ́ pààrọ̀ làámù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan, ìgbà tí mo lọ wò ó, síkúrúù béárìn kan ló tú. Ìyẹn nìkan.

Fífi sórí ẹ̀rọ: ẹ yọ wáyà kúrò lára iná ná. Làámù tuntun máa ń wà ní kíká, tẹ́ ẹ bá tú okùn ẹ̀ á fò jáde bí ejò, ẹ jẹ́ kó jìnnà sójú, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dúró tì yín. Ọ̀nà tí eyín kọjú sí ni kẹ́ ẹ ṣọ́, eyín gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí làámù ń sá lọ, bí ọfà ara ẹ̀rọ ṣe tọ́ka. Bí ẹ bá rí i pé ó kọjú sódì, làámù yẹn ò bàjẹ́, ẹ kàn yí i sí òdì kejì bí ìgbà téèyàn ń yí aṣọ inú sóde, á kọjú síbi tó yẹ.

Ẹ má fi làámù tuntun parí ojú tí làámù àtijọ́ ti gé dé ìdajì, torí eyín tuntun fẹ̀ ju ojú yẹn lọ, á há, á sì já. Ẹ yí irin padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdì kejì. Ìgé mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ dín ìwúwo kù sí ìdajì, torí ṣóńṣó eyín tuntun mú jù, bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójijì á ṣẹ́ kéékèèké láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Àyè bẹ́líìtì mẹ́ta ló máa ń wà lára ẹ̀rọ yìí, lórí iná 50 Hz tiwa wọ́n ń fún làámù ní nǹkan bí 20, 30 àti 50 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Inox sórí èyí tó lọ́ra jù, irin lásán sí àárín, alumíníọ̀mù sórí èyí tó yá. Lẹ́yìn náà ẹ wo ẹ̀rún irin tó ń bọ́. Bó bá ká roboto bíi nọ́ńbà 6 tàbí 9 tó sì tutù lọ́wọ́, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun lásán, ẹ fi ìwúwo kún un díẹ̀. Bó bá nípọn, tó ti jó, tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ búlúù, ẹ dín in kù kíákíá. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ta òróró sí i tẹ́ ẹ bá ń gé irin tó nípọn, àmọ́ irin dídà, ìyẹn fonte, ẹ gé e ní gbígbẹ.

Bó bá di alẹ́, ẹ dẹ síkúrúù kí làámù sinmi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́bàá ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, ẹ fi òróró pa èyí tó wà ní páálí kó má dógùn-ún.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lókè ẹ̀rọ: 1640, 13, 0.65, eyín 24 fún tíúbù, 10/14 fún ìyókù. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń lọ sí Àjàṣẹ́, á dà á kọ sínú bébà, á sì gé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lára làámù tó kú, á wé e sínú àkísà, á kì í bọ àpò. Tó bá padà dé, á ní "Ọ̀gá, ẹ wò ó," àwa méjèèjì á gbé rúlà lé e, a ó kà á kó tó jókòó jẹun.